Gíláàsì Ọkọ̀ Ìyàwó Mi

Òkúta náà kò ju èkùrọ́ lọ. Mò ń ti Ìjọra bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, níbi tí mo ti lọ wo bébà tí ilé ìtẹ̀wé wa fẹ́ rà, mo sì ń lọ sí Ìlúpéjú níbi tí a ti ń ṣiṣẹ́. Ní Ìgánmú, àwọn ọkùnrin mẹ́ta ń fi ẹ̀rọ gé koríko létí títì. Mo rí wọn. Mo tiẹ̀ dẹwọ́ eré kí n má baà gbá ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìgbà tí mo dẹwọ́ eré yẹn gan-an ni òkúta ta láti abẹ́ ẹ̀rọ, ó sì ba gíláàsì iwájú ọkọ̀ lápá ọ̀tún, níbi tí ẹni tí a gbé máa ń jókòó sí. Ká ní mo sáré kọjá ni, kì bá tí bà mí. Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú nìyẹn.

Mo dúró. Ẹni tó di ẹ̀rọ náà mú pa á, ó ká nẹ́ẹ̀tì ojú rẹ̀ sókè, ó wá wò ó.

"Dádì, ẹ má bínú. Kò tiẹ̀ fọ́. Ó kàn họ ọ́ díẹ̀ ni."

"Ó fọ́."

"Ẹ fi ìka kàn án wò. Ẹ ò ní mọ nǹkan kan níbẹ̀."

Mo fi ìka kàn án. Ìka mi mọ̀ ọ́n.

Mo bi í pé ta ni ọ̀gá wọn. Ó nawọ́ sí ọkùnrin kan tó jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì. Ìyẹn náà nawọ́ sí ọ̀nà tí a ń gbà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni àwọn ti gba iṣẹ́. Kí n tó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n ti tan ẹ̀rọ wọn padà.

Lọ́jọ́ náà, ojú ibi tí òkúta ti bà á kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ẹtì, ó ti yọ ẹsẹ̀ kan. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ẹsẹ̀ náà ti gùn dé ìdajì gíláàsì, ó sì ń bọ̀ lápá ibi tí èmi jókòó sí. Aládùúgbò kan ní kí n kán gọ́ọ̀mù líle sí iwájú rẹ̀, pé kò ní lè kọjá ibẹ̀. Òmíràn ní rárá, ohun tí àwọn obìnrin fi ń kun èékánná ló dáa jù. Mo ṣe méjèèjì. Ó gba àárín méjèèjì kọjá bí ẹni tó ń lọ sílé bàbá rẹ̀. Gbogbo kòtò tí mo bá bọ́ sí, mo máa ń wò ó bóyá ó ti tún gùn sí i. Mi ò wo ọ̀nà mọ́, gíláàsì ni mò ń wò.

Ní Ojúẹlẹ́gba, ọ̀kan lára àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò dá mi dúró. Ó fi bírò tọ ipa ìfọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Bàbá, mo fojú àgbà wò yín lónìí. Tí mo bá tún rí gíláàsì yìí, ọkọ̀ yín máa bá mi lọ."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú mi kò dùn.

Mo gbé ọkọ̀ lọ sí Múṣin, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń pààrọ̀ gíláàsì ọkọ̀. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹ̀gbẹ́ ilé kan lọ, gíláàsì tòkunbọ̀ tò sára ògiri bí ìwé. Ó yí ọkọ̀ mi po, ó mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ló ti ṣẹlẹ̀?"

"Ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ kejì."

"Ẹ wá fi sílẹ̀ kó rìn tó báyìí! Ṣé ẹ ń dúró kó bímọ ni?"

"Èló ni òmíràn?"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ìwé kékeré tó lẹ̀ mọ́ igun gíláàsì.

"Kọmpirihẹ́nsífù lẹ ní? Kì í ṣe tẹ́ẹ̀dì pátì?"

"Ìyẹn ni."

"Ìnṣọ́ránsì yín á sanwó gíláàsì, ẹ wá ń bi èmi ní èló! Àwọn tó ní tẹ́ẹ̀dì pátì ló ń wá dúró sóòrùn níbí, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ lọ bá àwọn èèyàn yín."

Tẹ́ẹ̀dì pátì ni ọ̀pọ̀ wa ń rà, kí àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró má baà yọ wá lẹ́nu. Tí o bá ba ọkọ̀ ẹlòmíràn jẹ́, ó wúlò fún ẹni yẹn. Ti ọkọ̀ tìrẹ, ó di ọwọ́ ìwọ àti Ọlọ́run. Kọmpirihẹ́nsífù ló ń bo ọkọ̀ tìrẹ náà, àti gíláàsì rẹ̀ tí o bá ní kí wọ́n fi í kún un. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó lọ sí Múṣin. Ohun tó gbé mi lọ síbẹ̀ gan-an ni pé mi ò fẹ́ lọ bá wọn.

Ti ìyàwó mi ni ọkọ̀ náà. Tíṣà ni. Àjọ tí àwọn tíṣà ilé ìwé wọn ń dá ló fi rà á. Nígbà tó fẹ́ ra ìnṣọ́ránsì, mo ní tẹ́ẹ̀dì pátì ti tó. Ó ní, "Tí òkúta bá fọ́ gíláàsì, ṣé òkúta ló máa ra òmíràn?" Mo ní òkúta wo? Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ ra èyí tó wù ú. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tó ti kú.

Láàárín ọdún mẹ́ta náà, mo ti yọ orúkọ rẹ̀ níbi gbogbo tí wọ́n ní kí n ti yọ ọ́. Ní báńkì. Nínú ìwé ìjọ. Lọ́dọ̀ àwọn oníná, nítorí orúkọ rẹ̀ ló wà lórí mítà. Ti ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ nìkan ni mi ò fọwọ́ kàn. Lọ́dọọdún, mo máa ń mú ìwé pélébé tí wọ́n fún wa lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń bá wọn tà á lẹ́bàá ilé wa ní Surulere, màá sanwó, á tẹ òmíràn fún mi, orúkọ ìyàwó mi á sì jáde lórí rẹ̀ bí ẹni pé ó wà nílé tó ń dúró dè mí. Mi ò purọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí. Lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ wọn máa ń wọ orí fóònù rẹ̀, tí mo fi sínú dúrọ́ọ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, tí mò ń kì sí iná, tí mo sì ń ra káàdì sí kí wọ́n má baà gba nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn. Wọ́n á ní àwọn bá a yọ̀, kí ẹ̀mí rẹ̀ gùn. Màá kà á, màá dá fóònù padà sínú dúrọ́ọ̀.

Nítorí náà, gíláàsì kọ́ ni wàhálà mi. Tí mo bá lọ béèrè gíláàsì, wọ́n á béèrè ìyàwó mi. Màá ní láti sọ ọ́, wọ́n á sì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ibẹ̀ nìkan ló kù tí wọ́n ti ń pè é bí alààyè.

Ọmọ mi obìnrin ń gbé ní Yàbá, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Ó wá kí mi lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó rí gíláàsì.

"Dádì, èyí lẹ gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ó ṣì dáa."

"Ó dáa níbo?" Ó ti mú fóònù jáde. "Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ."

Ó kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sí i. Wọ́n ní àwọn ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ọkọ̀. Fóònù ìyàwó mi dún nínú dúrọ́ọ̀. Àwa méjèèjì gbọ́ ọ.

Ọmọ mi wò mí. "Ẹ ṣì ń kì í sí iná?"

Ó wọ yàrá lọ, ó ka kóòdù náà, wọ́n gbà á. Ó dáhùn gbogbo ìbéèrè wọn bí ẹni ń bọ́ ẹ̀pà. Níkẹyìn, wọ́n ní kí ẹni tó ni ọkọ̀ fi ìka fọwọ́ sí ojú fóònù.

"Ẹ fọwọ́ sí i."

"Orúkọ ta ni?"

"Ti Mọ́mì. Dádì, kò sẹ́ni tó máa wò ó."

"Mi ò lè fọwọ́ sí i fún un."

"Nígbà tí wọ́n wà láyé ńkọ́? Ta ló ń fọwọ́ sí ìwé fún yín?"

"Òun ni."

"Ẹ ò rí i? Ó kàn yín báyìí."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ti ń bí mi. Mo ní kó pa á. Ó pa á. Ó ní kí n lọ fúnra mi nígbà náà, kí n lọ sọ fún wọn pé ẹni tó ni ọkọ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta, kí wọ́n wá sọ fún mi pé gbogbo ìwé tí mo ti rà láti ìgbà náà kò wúlò fún nǹkan kan. Èmi náà ti rò ó bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ ni pé ìyàwó mi ló ń fọwọ́ sí ìwé fún mi. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kí n tó wọ kíláàsì. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń kọ́ wa, lórí bẹ́ǹṣì tí àwọn ọmọdé fi sílẹ̀ lọ sílé, orúnkún mi kì í gba abẹ́ tábìlì. Tíṣà kékeré tó ń kọ́ wa ní ọdún tó gbẹ̀yìn ni mo padà fẹ́. Mo mọ̀wé kà. Ìwé títẹ̀ ni mo fi ń jẹun. Síbẹ̀, tí ìwé bá ti gùn, tí lẹ́tà rẹ̀ sì wẹ́, mo máa ń nà án sí i ni. Á kà á, á sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi ní gbólóhùn kan. Ìwé gígùn tí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì fún wa nígbà tí a kọ́kọ́ rà á wà nínú ẹnfilóòpù kan lábẹ́ aṣọ rẹ̀. Mi ò ṣí i rí.

Mo lọ. Ọ́fíìsì wọn wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Yàbá. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ ń tú lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Kí ló fọ́ ọ, sà?"

"Òkúta."

"Ó dáa. Ẹ máa mú fọ́tò wá, ìwé láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, láísẹ́ǹsì yín, àti iye tí oníṣẹ́ gíláàsì pè é. Ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀, sà?"

"Ìyàwó mi."

"Kí Mọ́mì wá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù."

"Kò lè wá, Àǹtí."

"Yéè! Ara wọn ò yá ni?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Ẹnu mi kò ṣí. Ó wo ojú mi, ó dá ara rẹ̀ lóhùn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ọlọ́run á fọwọ́ ìwòsàn tọ́ wọn, lórúkọ Jésù. Kí wọ́n ṣáà kọ létà pé ẹ̀yin ni ká dá lóhùn. Ó parí."

Mo ṣe àmín. Mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é. Mo sọ̀ kalẹ̀, inú ń bí mi sí òkúta, ó ń bí mi sí àwọn agékoríko, ó ń bí mi sí ọ̀dọ́mọbìnrin náà, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀wà á hù. Èmi ni mo ní ẹnu tí mi ò lè lò.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹni tó jókòó sídìí tábìlì ṣí ìwé ńlá kan.

"Ta ló fọ́ ọ?"

"Òkúta ni."

"Ta ló jù ú?"

"Ẹ̀rọ agékoríko ló ta á."

"Ta ló di ẹ̀rọ mú?"

"Mi ò mọ orúkọ rẹ̀."

"Ẹni tí a kò mọ̀ ló ju òkúta nígbà náà."

"Kò jù ú."

"Bàbá, ibi tí wọ́n ní ká kọ orúkọ èèyàn sí nìyí. Ṣé kí n kọ koríko síbẹ̀ ni?"

Ó kọ ọ́ pé ẹni tí a kò mọ̀ ló ju òkúta lu ọkọ̀ mi. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ti sú mi.

Mo padà sí Yàbá. Fọ́tò tí mo yà kò dáa. Gíláàsì nìkan ni mo yà, wọ́n sì fẹ́ kí gíláàsì àti nọ́ńbà ọkọ̀ jọ wà nínú fọ́tò kan. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo yà á, mo gun òkè padà. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ti lọ jẹun. Mo dúró. Nígbà tó dé, ó ní fọ́tò ti dáa.

"Létà Mọ́mì ńkọ́, sà?"

"Màá mú un bọ̀."

"Ara wọn ti ń le sí i? A dárúkọ wọn nínú àdúrà àárọ̀ wa."

Gbogbo ọ́fíìsì ló ń gbàdúrà kí ìyàwó mi dìde. Mo jókòó sínú ọkọ̀ nísàlẹ̀. Ìfọ́ náà ti dé iwájú mi gan-an, ó gé títì sí méjì.

Lọ́jọ́ kẹta, mo mú ẹnfilóòpù jáde lábẹ́ aṣọ rẹ̀ láìṣí i, mo mú ìwé ẹ̀rí ikú pẹ̀lú rẹ̀. Mo gun òkè. Mi ò jẹ́ kí ọ̀dọ́mọbìnrin náà kí mi tán.

"Ó ti kú. Ó ti pé ọdún mẹ́ta."

Bírò dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ni, sà?"

"Ìyàwó mi."

Ó gbé bírò sílẹ̀. "Dádì. Ẹ wá jẹ́ kí n máa gbàdúrà kí ara wọn yá."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ gbàdúrà, Àǹtí."

"Ẹ ṣe àmín, sà! Etí mi báyìí ló gbọ́ ọ."

Mo ní kó má bínú. Mo gbé ìwé ẹ̀rí ikú sórí tábìlì, mo gbé ẹnfilóòpù lé e. Mo ní mo mọ̀ pé ìnṣọ́ránsì náà kò wúlò mọ́, kó pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, màá ra gíláàsì fúnra mi, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí n máa lọ. N kò tíì sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ látìgbà tí mo ti ń wá síbẹ̀.

Ó fa ìwé gígùn náà yọ. Ó ti lẹ̀ pọ̀ níbi tí wọ́n ti ká a, ó rọra là á. Ó ṣí i sí ojú ewé kejì, ó yí i sọ́dọ̀ mi, ó fi èékánná tẹ ibì kan.

"Orúkọ ta nìyí, sà?"

Orúkọ mi ni. Ti ìyàwó mi ló ṣáájú, tèmi tẹ̀ lé e.

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ni ìnṣọ́ránsì yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ìwé pélébé yẹn kì í gbà ju orúkọ ẹni àkọ́kọ́ lọ ni. Ká ní mo mọ̀ ni, ẹ̀yin náà lẹ̀ bá ti fọwọ́ sí i lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ ò kà á ni?"

"Ìyàwó mi kà á."

"Wọn ò sì sọ fún yín?"

Bóyá ó sọ. Ó ṣeé ṣe kó ti sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, bó ti máa ń ṣe, nígbà tí mò ń bá a jiyàn pé tẹ́ẹ̀dì pátì ti tó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi ń wa ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rù, ìgbà mẹ́ta lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọlọ́pàá, àdúrà àárọ̀, gbogbo rẹ̀ nítorí ojú ewé kejì ìwé tó wà nínú ilé mi. Ká ní ẹlòmíràn ló ṣe é fún mi, ǹ bá bá a jà.

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà lọ mú fáìlì wá kó lè fi í wé ìwé ọwọ́ mi. Fọ́ọ̀mù tí ìyàwó mi kọ nígbà náà wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà róbótó tó fi ń kọ ojú pátákó. Iṣẹ́ ọkọ: atẹ̀wé. Àwọn tí yóò máa wa ọkọ̀: èmi àti ọkọ mi. Níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá a fẹ́ kí wọ́n fi gíláàsì kún un, ó fàmì sí i, ó tẹ bírò débi pé ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Ó kọ ọjọ́ ìbí mi síbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn òbí mi kò kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, wọ́n kàn ní ìgbà tí wọ́n ń wa iṣu ni. Nígbà tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò àkọ́kọ́, tí fọ́ọ̀mù ń béèrè ọjọ́, òun ló bá mi mú ọ̀kan. Ọjọ́ yẹn ni mò ń lò láti ìgbà náà.

Mo fọwọ́ sí ibi tí wọ́n fi hàn mí.

"A máa ní láti yọ orúkọ wọn kúrò, sà," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Nígbà tẹ́ ẹ ti mú ìwé ikú wá, a ò lè fi í sílẹ̀ mọ́."

"Mo mọ̀."

"Á ku ẹ̀yin nìkan."

"Mo gbọ́, Àǹtí."

Ó fa ìlà kan. Mo wo bírò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé òpin. Kò pẹ́ rárá.

"Nọ́ńbà fóònù tó wà níbí ńkọ́, sà? Ṣé kí n pààrọ̀ rẹ̀? Nọ́ńbà wo ni ká máa fi ránṣẹ́ sí yín?"

Mo pe nọ́ńbà fún un. Ó ń kọ ọ́ bọ̀, ó dúró, ó wo èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan náà ni. Ó gbójú sókè. Ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi sanwó gíláàsì. Mo padà sí Múṣin. Oníṣẹ́ gíláàsì rí mi lókèèrè.

"Ẹ̀gbọ́n! Wọ́n san án àbí wọn ò san án?"

"Wọ́n san án."

"Ẹ wá ń lọ́ra bí ẹni tí wọ́n ní kó wá ṣe ìyàwó! Ṣé wọ́n bù yín jẹ níbẹ̀ ni?"

Ó fi wáyà gé gọ́ọ̀mù ẹ̀gbẹ́ gíláàsì àtijọ́, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ gbé e jáde, ó sì ya sí méjì lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀. Wọ́n gbé tuntun sí i. Ó ní kí n má fi agbára ti ilẹ̀kùn títí di ọjọ́ kejì. Mo wa ọkọ̀ padà sí Surulere. Mo rí gbogbo títì.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mò ń wọ bàtà láàárọ̀ kí n lè máa lọ síbi iṣẹ́, fóònù ìyàwó mi dún nínú dúrọ́ọ̀. Mo ṣí i. Ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ni. Orúkọ mi ni wọ́n pè. Wọ́n ní àwọn bá mi yọ ayọ̀ ọjọ́ ìbí, kí n pẹ́ láyé, kí n má sì gbàgbé láti sanwó ọdún tó ń bọ̀ lásìkò.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Iná fóònù náà ti ń lọ sílẹ̀. Mo kì í sí iná, mo lọ síbi iṣẹ́.